Bí Mo Ṣe Lọ Abuja Lọ Ka Òkú

Látìgbà tí mo ti padà sí Ìkirun, kò sẹ́ni tó rí mi tí kò bi mí pé, "Abuja ńkọ́?" bí ẹni ń béèrè ìyàwó mi. Ẹlòmíì á ní ṣé lóòótọ́ ni pé títì ibẹ̀ mọ́ débi téèyàn lè tẹ́ ẹ̀bà sórí ẹ̀. Ẹlòmíì á ní ṣé mo rí Ààrẹ. Mi ò rí Ààrẹ, Ààrẹ náà ò rí mi, kò sì dà bíi pé ó dun ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Òkú ni mo lọ kà. Ẹ jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí inú ṣì ń bí mi, tínú bá sì ń bí mi, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí n má bú ìyá ẹnì kan.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni Káyọ̀, ọmọ Bàbá Télọ̀, tó wọ poli tó sì já bọ́ lọ́dún kìíní. Iṣẹ́ tó já mi bọ́ gan-an ni Statistics, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń kó ìròyìn jọ tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn. Máàkì mọ́kànlá ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ náà pè mí lọ́tọ̀, ó ní méjì nínú ẹ̀ jẹ́ torí pé mi ò ṣi orúkọ mi kọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lólú-ìlú Nàìjíríà, ẹ ó mọ̀ pé Ọlọ́run náà máa ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Nyanya

Ibi tí mo kọ́kọ́ dé ni Nyanya, létí Abuja, àmọ́ mi ò mọ̀ pé mo ti dé. Mo bọ́ sílẹ̀, mò ń wòkè, mò ń wá àwọn ilé gíga tí wọ́n máa ń fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo rí ni páànù tó ti dípẹtà, ẹrẹ̀, àti èrò tó ń wọ́ bí ìjàlọ. Ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí dúró wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wolẹ̀. Ẹ ti tẹ ìgbẹ́."

"Yéè!"

"Hẹn-ẹn, mo ti ń fura pé ọmọ wa ni yín. Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi. Ẹ nù ún sára òkúta yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń nù ún sí."

Báyìí ni olú-ìlú ṣe kí mi káàbọ̀.

Àǹtí Bísí, àbúrò màmá mi, ló gbà mí sílé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Nílé wa níbí, a máa ń sọ ọ́ bíi pé òun ló ń ṣí fèrèsé fún mínísítà láràárọ̀. Irọ́ ni. Láràárọ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi ìgúnpá gún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, tàwọn ti kóòtù, tàwọn ti bàtà gogoro, nínú ẹrẹ̀. Ọmọ ẹ̀, Tómi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ, òyìnbó ló sì fi ń dá mi lóhùn. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ará oko ni mí, àmọ́ kí wọ́n má bẹ̀rù, mi ò kì í bu èèyàn jẹ.

Oúnjẹ ibẹ̀ ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ra ohun tí mo rò pé àkàrà ni. Ó funfun, ó rí roboto, ó kan díẹ̀. Wọ́n ní masa ló ń jẹ́, ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é. Mo ti jẹ mẹ́ta kí n tó bínú pé kì í ṣe àkàrà. Mo wá jẹ mẹ́fà sí i láti fi bínú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday ni iṣẹ́ ti jáde. Lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí mú mi lọ kí Ọ̀gá Dímẹ́jì, alàgbà kan tí ohùn ẹ̀ máa ń tutù bí omi inú àmù, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń wọn bí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ṣe ń ṣe sí.

"Ọmọ yín yìí, ṣé ó mọ nǹkan kan nípa dátà?"

"Ó ṣe Statistics ní poli, sà," Àǹtí mi dáhùn.

Àǹtí mi ò parọ́ o. Mo ṣe é.

Inú A.C.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Dímẹ́jì wà nínú ìlú gan-an, níbi tí títì ti mọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ àwa tá a máa jáde lọ. A.C. tutù débi pé ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fi fáìlì bo ẹsẹ̀. Tíì wà, bisikíìtì wà, mo sì fi ojú ara mi rí àwọn èèyàn tó ń jẹ ìdajì bisikíìtì tí wọ́n á gbé ìdajì kalẹ̀. Mi ò tíì rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí. Mo máa ń dúró títí wọ́n á fi jáde.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Dímẹ́jì sọ wọ̀ mí lára. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí ìjọba àtàwọn olóore ti ń kọ́ ilé ìwòsàn sí abúlé, tí wọ́n á wá ka bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ka ògiri, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé obìnrin tó lọ bímọ níbẹ̀, ṣé ó padà sílé? Ọmọ tí wọ́n bí, ṣé ó ń rìn báyìí?

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn la fẹ́ kà," ó ní. "Ohun tá ò bá kà, a ò lè tún un ṣe."

Orí mi wú. Mo rò ó pé, Káyọ̀, ṣé o wá rí i, ìwọ tó o gba mọ́kànlá, ìwọ náà fẹ́ tún nǹkan ṣe. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá sọ bó ṣe máa rí. Ohun tá a bá tẹ̀ sínú táblẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà máa ṣírò ẹ̀, á sì kun ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀. Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé, wọ́n á fi nọ́ọ̀sì kejì kún un, wọ́n á fún un ní iná sólà. Èyí tó bá pupa, wọ́n á tì í, wọ́n á kó nǹkan ibẹ̀ lọ síbi tó ń ṣe dáadáa. Ẹni kan ṣoṣo ò gbọ́wọ́ sókè láti bi í pé, àwọn tí ẹ bá ti tiwọn ńkọ́, ibo ni kí wọ́n lọ? Èmi náà ò bi í. Bisikíìtì wà lẹ́nu mi.

Kabusa

Kabusa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún mi ní káàdì tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn mi, wọ́n fún mi ní àwọ̀lékè aláwọ̀ búlúù, bí mo ṣe ń kọjá báyìí, gbogbo èèyàn ní, "Kọ́pà, sannu!" Wọ́n rò pé mo ti gboyè jáde ni, pé mo wá sin orílẹ̀-èdè. Kọ́pà! Èmi! Lọ́jọ́ kìíní mo fẹ́ ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kejì mo ti ń dá wọn lóhùn pé "Yauwa," torí òun nìkan ni Hausa tí mo gbọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ẹnì kan pè mí ní "oga," mo bínú sí i.

Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, Bàbá Gimba, Gbagyi ni, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ kí Abuja tó di Abuja. Ó jókòó sórí àga onírin níwájú ilé ẹ̀. Mo kí i, mo ṣí táblẹ́ẹ̀tì, mo ní mo fẹ́ mọ àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú ilé. Bàbá náà fi Pidgin bi mí pé mélòó ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ìlú tí wọ́n bí òun sí kò sí mọ́, pé àárín Abuja tó ń dán yìí ló wà. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé, ó kí gbogbo wọn dáadáa, ó ka ilé, ó ka igi, ó ka èèyàn. Inú àwọn dùn, àwọn fún un ní adìyẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn kúrò. Sàréè ìyá òun wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò báyìí.

"Ìwọ náà kí mi dáadáa," ó ní. "Nígbà tó o bá kà wá tán, kí lẹ fẹ́ kó?"

Mo wá ń ṣàlàyé. Mo sọ fún un pé ohun tí a ò bá kà, a ò lè tún un ṣe. Mo sọ ọ́ bí Ọ̀gá Dímẹ́jì ṣe sọ ọ́, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ ṣe é bó ṣe máa ń fi ọwọ́ ṣe é.  Bàbá ní kí wọ́n gbé kúnùn, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe, fún mi. Kúnùn yẹn dùn, ó ní ata díẹ̀ nínú, mo mu ún tán. Ó ní kò sí adìyẹ mọ́.

Ìgbà tí mo dé Abuja, mo rò pé àlejò ni gbogbo wa níbẹ̀, pé ìlú tí kò ní onílé ni. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé onílé wà. Àwa là ń bi wọ́n léèrè pé mélòó ni wọ́n.

Ẹ̀yìn Orozo

Téèyàn bá dé Orozo, tó wá yà sínú igbó, tó rìn títí bàtà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, á dé abúlé kan tí mi ò ní dárúkọ, torí wọ́n ti jìyà tó. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Sísítà Ladi wà. Yàrá méjì, páànù, igi máńgòrò kan. Sísítà Ladi nìkan ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, òun ni agbẹ̀bí, òun ló ń gbálẹ̀. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ojú ẹ̀ kì í fara balẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbagyi ni òun náà, àmọ́ Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń fọ́ èkùrọ́.

"Kọ́pà, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi gbé igi yìí."

Igi ìdáná ni. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù lórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n ní orí tí èèyàn fi ń ronú kì í ṣe ibi tí wọ́n ń di igi lé. Mo ní kò burú, mo gbé e sí èjìká. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni mo rìn. Igi lọ sọ́tọ̀, èmi lọ sọ́tọ̀, táblẹ́ẹ̀tì ìjọba lọ sínú ìdọ̀tí. Aboyún kan tó jókòó lábẹ́ máńgòrò, Rahila, rẹ́rìn-ín débi pé Sísítà sọ fún un pé kó rọra, kó má lọ bí ọmọ kí àsìkò tó pé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fún mi ní tuwo àti ọbẹ̀ kúka, ó ń yọ̀ bí ilá tó ti bínú, mo sì ń pọ́n ìka lá. Sísítà sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní pé nọ́ọ̀sì kejì yẹn lòun ń gbàdúrà sí. Ó ní tí obìnrin méjì bá rọbí lẹ́ẹ̀kan náà, òun á yan ọ̀kan. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣagbe. Ó kàn sọ ọ́.

Ó gbé rẹ́jísítà ìjọba jáde fún mi, ìwé ńlá. Mo wo ibi ìyá tó kú: kò sí. Ọmọ tó kú: kò sí. Ká ní mo jẹ́ ọ̀lẹ bí mo ṣe máa ń jẹ́ nílé, mi ò bá tẹ òdo, òdo, kí n sì máa lọ. Lára gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ yẹn ni mo yàn láti ṣe akínkanjú. Mo rí ìwé kan lábẹ́ àga ẹ̀, ìwé tí ọmọ iléèwé ń lò, tí etí ẹ̀ ti ká.

"Sísítà, ìyẹn ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn. Kì í ṣe tìjọba."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

"Kai, Káyọ̀, fi í lẹ̀."

Mo ní, "Sísítà, ohun tí a ò bá kà, a ò lè tún un ṣe."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ló mọ ìdí tí ẹnu mi ò fi wúlò ní kíláàsì, tó wá wúlò lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé e fún mi.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Gbogbo obìnrin tó lóyún tí Sísítà fojú rí, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, bó jẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti kọ orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ keje lẹ́yìn tí obìnrin náà bá bímọ, ibikíbi tó bá bí i sí, Sísítà á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀. Á wò ó, á kọ ohun tó rí. "Àwọn méjèèjì dáa." "Ọmọ kú lọ́jọ́ kẹta, ibà." "Ilé ló bí i sí. Ẹ̀jẹ̀. Kò rí mọ́tò." "Kò wá sọ́dọ̀ mi rárá. Odò kún."

Ó fi ìka hàn mí. Odò kún. Odò kún. Odò kún. Ó ní ìgbà tóun kà á lọ sẹ́yìn lòun rí i pé àwọn tó wà lódìkejì odò ló ń kú, ìgbà òjò ni wọ́n sì ń kú. Ni òun bá lọ bá àwọn ọkọ wọn, òun bá wọn jà, òun ní tí oyún obìnrin bá ti ku oṣù méjì, kó sọdá wá, kó wá gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ níhìn-ín. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí Rahila fi wà lábẹ́ máńgòrò. Ìgbà òjò méjì ti kọjá látìgbà náà, "Odò kún" kò sì tíì wọnú ìwé yẹn mọ́.

Ẹ gbọ́. Obìnrin yìí ò mu tíì inú A.C. Kò ní táblẹ́ẹ̀tì. Ohun tí Ọ̀gá Dímẹ́jì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàlàyé fún wa, ó ti ń ṣe é pẹ̀lú báírò.

Mo jókòó, mo tẹ gbogbo ẹ̀. Fọ́ọ̀mù béèrè iye ìyá tó kú, mo kà wọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè iye ọmọ tó kú, mo tẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ibi tí wọ́n kú sí. Kò béèrè bóyá wọ́n dé ọ̀dọ̀ Sísítà rárá. Kò béèrè ìdí. Kò béèrè ọdún tó ṣẹlẹ̀. Àpótí kékeré kan ni, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà.

Sísítà ń wò mí láti ẹ̀yìn. "Ibi tí mo kọ ìdí sí, ṣé wọ́n á rí i?"

"Wọ́n á rí i, mà."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á rí i. Mo kàn fẹ́ kó rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe ni.

Òdo, Òdo, Òdo

Ilé ìwòsàn tí mo lọ tẹ̀ lé e, mi ò ní dárúkọ ìyẹn náà, torí ìdí míì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀, Mista Félíìsì, wọ àwọ̀lékè tó funfun báláú, ó fún mi ní ìgò malt tútù, ó ṣí rẹ́jísítà ẹ̀. Ìkọ̀wé ẹ̀ dára bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Òdo, òdo, òdo, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń kú níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́pà mi, tí mo bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan fẹ́ le, mo máa ń tètè kọ ìwé fún un kó máa lọ sí ọsibítù ńlá. Tó bá máa kú, á kú síbòmíì."

Kò tijú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ mi níṣẹ́. Mo mu malt ẹ̀. Mo tẹ òdo fún un. Kí ni mi ò bá tẹ̀? Òdo ló wà níbẹ̀.

Pupa

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n pè wá padà sínú A.C. wá wo èsì. Ọ̀gá Dímẹ́jì tan àwòrán sára ògiri. Ibi ti Mista Félíìsì rí bí ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ̀yìn Orozo, pupa. Pupa bí ojú ẹni tó mu ògógóró. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún iṣẹ́ ribiribi. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Sà, àṣìṣe ti wà."

"Níbo?"

"Ẹ̀yìn Orozo. Àwọn tó kú yẹn, wọn ò kú síbẹ̀. Òmíì ò débẹ̀ rárá. Sísítà ló lọ wá wọn lọ sílé wọn tó kọ wọ́n sílẹ̀."

"Káyọ̀dé," ó fi ohùn alàgbà yẹn sọ ọ́, "dátà kì í parọ́."

"Sà, èmi ni dátà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó fi fáìlì bo ẹsẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní tí mo bá ní ẹ̀rí, kí n mú un wá.

Mo sáré padà lọ bá Sísítà. Mo ní kó fún mi ní ìwé náà, pé wọ́n fẹ́ kà á. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo rò pé mò ń gbà á là.

Ọ̀gá Dímẹ́jì ṣí ìwé, ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé eku tó kú. Mo fi ibi tí wọ́n kọ "Odò kún" hàn án. Mo fi ibi tó dẹ́kun hàn án. Mo ní, sà, ẹ wò ó, ohun tí ẹ ní ká wá, òun rèé, obìnrin yìí ti kà á, ó sì ti tún un ṣe.

Ó yí ojú ìwé náà títí. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé ó ti yé e. Mo tiẹ̀ lérò pé ó ti yé e lóòótọ́, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

"Ìkọ̀wé rẹ̀ ò mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n iye náà bára mu. Ohun tó wà nínú ìwé ló wà nínú kọ̀ǹpútà. O ṣiṣẹ́ dáadáa, Káyọ̀dé. Kò sí àṣìṣe."

"Sà, ìdí ló yàtọ̀!"

"Fọ́ọ̀mù ò béèrè ìdí."

"Ẹ jẹ́ ká béèrè ẹ̀ nígbà náà!"

"Àwọn tó ń fún wa lówó ti gba fọ́ọ̀mù yìí wọlé. Tí mo bá yí i padà fún ẹyọ kan, mo máa yí i padà fún gbogbo wọn. Ṣé o mọ iye iṣẹ́ tó jẹ́?"

Mo sọ fún un pé mo mọ iye èèyàn tó jẹ́. Mo sọ nǹkan míì tí mi ò lè kọ síbí, torí màmá mi á kà á. Ó ní òun máa gbàdúrà fún mi. Ó tẹ aago, akọ̀wé wọlé, ó gba ìwé Sísítà, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára, ó kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí tó kù. Ẹ̀rí pé ibẹ̀ yẹ kó pupa. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà. Wọ́n ní tí ẹ̀rí bá ti wọlé, kò gbọdọ̀ jáde.

Wọ́n gba táblẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àǹtí Bísí ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ní, "O ṣe dáadáa," ó sì fi ẹran kejì sí abọ́ mi, ó tún wá bá mi jà pé mo ti bá òun jẹ́ lójú alàgbà.

Àgádágodo

Mo ní kí n má sọ ọ́ fún Sísítà lórí fóònù. Mo lọ fúnra mi. Mo bá àgádágodo tuntun lára ilẹ̀kùn, ó ń dán. Wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì lọ fún Mista Félíìsì. Sísítà jókòó sórí òkúta níwájú ilé, àpò ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ìwé pé kó lọ máa to fáìlì ní ọ́fíìsì kan nínú ìlú, pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í kúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ pàápàá, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń ṣe é.

"Èmi ni mo ṣe é, mà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ bú mi."

"Màá bú ọ. Dìde ná."

Kì í ṣe èmi ló ń wò. Rahila ló ń bọ̀, ìyá ọkọ ẹ̀ dì í mú lápá, omi ti ń dà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí. Ó wo àgádágodo, ó wo Sísítà, ojú ẹ̀ wá dà bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ayé mọ́.

Mo gbé òkúta láti fọ́ àgádágodo. Sísítà ní, "Kí lo fẹ́ ṣe nínú ilé òfìfo? Ju òkúta yẹn sílẹ̀, bọ́ ẹ̀wù ẹ."

Ẹ̀wù mi ni wọ́n tẹ́. Èmi àti ìyá ọkọ na ìró méjì bí ògiri, mo kọjú síta, mo di ojú mi pọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ni mò ń wò. Mi ò ní sọ ohun tí mo gbọ́. Ó pẹ́. Ìgbà kan wà tí Sísítà ò sọ̀rọ̀ mọ́, tí Rahila náà ò sọ̀rọ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run, mo sì ṣì í kà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún kékeré kan, ó bínú, ó bínú ju èmi gan-an lọ.

Sísítà nu ọwọ́ ẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ibi tó jókòó sí, bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ò bá nǹkan kan. Ó wò mí.

"Káyọ̀, kọ ọ́."

Wọ́n ti gba táblẹ́ẹ̀tì, àmọ́ mo ṣì ní fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù mi. Wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́. Mo ṣí i. Mo wá orúkọ abúlé náà nínú àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Tí ibi tí wọ́n bí ọmọ kò bá sí nínú àwọn orúkọ, fọ́ọ̀mù kì í ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Gbogbo òkú ibẹ̀ ti wọlé. Àwọn tó wà láàyè, kò sáyè fún wọn.

Mo fi hàn án. Ìgbà yẹn ló wá bú mi, ní Gbagyi, ní Hausa, ní Yorùbá Ìlọrin. Mo dúró, mo gba gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́ keje, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa lọ to fáìlì, èmi àtiẹ̀ fẹsẹ̀ sọdá odò. Kò sí ẹni tó rán wa. Rahila ti padà sílé ọkọ ẹ̀, ó jókòó níta, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ara ẹ̀ yá, ara ọmọ yá, ìwọ́ ọmọ ti já. Ọmọbìnrin ni. Wọn ò fún Sísítà ní àyè láti dágbére. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́ ni.

Ìwé Sísítà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Abuja pẹ̀lú nọ́ńbà lára. Rahila, ìyàwó ilé kejì sí odò, àti ọmọ ẹ̀: àwọn méjèèjì dáa. Ibi tí mo rí kọ ọ́ sí nìyí.